Ẹnu Ọ̀nà Méjì ní Ilé Cornelius

Kì í ṣe ènìyàn burúkú ni Cornelius, ọkọ ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń bú àna mi. Ọmọlúàbí ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "rárá." Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Pasadena, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, Bísọ́lá sì sọ fún mi pé bí ẹ̀rọ bá ń gbóná jù níbẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè. Ó jọ pé bó ṣe ń ṣe fún ẹ̀rọ náà ló ń ṣe fún ìyá: èyí tó bá ti ń hó, á da omi tútù sí i, á sì kọjá lọ.

Èmi ni ìyá Bísọ́lá, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni mí, ìtàn ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Palestine. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí olórí àwọn Árábù ní Mẹ́kà: ẹ dìde sí ìjọba Tọ́kì, bí ogun bá parí, ẹ ó dá dúró, ẹ ó ní ìjọba tiyín. Kò pẹ́, Gẹ̀ẹ́sì kan náà bá Faransé wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pín agbègbè náà láàárín ara wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún kéde fún àwọn Júù pé òun fara mọ́ ọn kí wọ́n ní ilé tiwọn ní Palestine. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá Palestine wà nínú ìlérí àkọ́kọ́ tàbí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá ti kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó tán, màá bi kíláàsì pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìlérí tó pọ̀ tó báyìí. Ẹni tó bá dáhùn pé, "Ogun ló le mọ́ wọn, wọ́n ń wá ọ̀rẹ́," òun ni mo máa ń ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà máa tẹ̀ lé mi dé Pearland, ìlú tí Bísọ́lá àti ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Nígbà tí Bísọ́lá bí Tófúnmi, àkọ́bí rẹ̀, lọ́dún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, wọn ò fún mi ní físà. Mo lọ, mo padà. Mo tún lọ, mo tún padà. Ìyá Cornelius ló rí físà gbà, òun ló wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ bímọ, tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ náà, nǹkan kan ṣẹ́ kù lọ́kàn rẹ̀ tí oúnjẹ ò lè dí. Ìgbà tí wọ́n fi mú Tófúnmi wá sí Iléṣà tí mo fojú kàn án, ó ti ń sáré káàkiri, ó ti ń fi èdè òyìnbó fèsì fún mi. Ta ló máa gbé ọmọ ọdún mẹ́fà sínú bàsíà?

Nítorí náà, nígbà tí Bísọ́lá tún lóyún lẹ́yìn ọdún pípẹ́, tí Cornelius pè mí lórí fóònù tó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa wẹ ọmọ yìí o, mo ṣèlérí," mo sunkún ayọ̀. Físà sì jáde lọ́tẹ̀ yìí. Mo ra kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, mo ra òrí, mo dì wọ́n sáàárín aṣọ mi bí ẹni di wúrà.

Mi ò tíì pẹ́ ní Pearland tí Cornelius fi tún wa mọ́tò lọ sí pápákọ̀ òfúrufú. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé surprise wá. Ìyá rẹ̀ ló gbé wọlé. Inú mi dùn láti rí i, mi ò ní parọ́. A kíra, a dì mọ́ra, a jókòó sídìí tábìlì. Ibẹ̀ ló ti ṣí báàgì rẹ̀, tó fa kàn-ìn-kàn-ìn tuntun yọ.

"Bísọ́lá, ìyàwó mi," ó ní, "èyí tí mo máa fi wẹ ọmọ wa nìyí. Ọkọ rẹ ti sọ fún mi pé èmi ni mo máa wẹ̀ ẹ́."

Mo wo Cornelius. Cornelius wo fóònù rẹ̀. Ó ní wọ́n mà ń pe òun níbi iṣẹ́, overtime ti dé. Kò tilẹ̀ dúró mu omi.

Wọ́n ní ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ìyá Cornelius. Ọ̀gá báńkì ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í pariwo. Á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, á pè ọ́ ní "Màmá wa," kò sì ní fi ìka ẹsẹ̀ kan kúrò níbi tó dúró sí. Èmi náà ń kọ́? Ọmọ òṣómàáló ni mí. Àwọn baba wa, bí wọ́n bá lọ gba ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onítọ̀hún ni títí ẹ̀tọ́ á fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ni mo bá lóṣòó.

Báyìí ni ilé Cornelius di ilé ẹlẹ́nu ọ̀nà méjì. Màmá Ìbàdàn ń gba iwájú wọlé, èmi ń gba gáréèjì. Bó bá wà ní kíṣìnnì, èmi á wà lókè. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, á rántí pé òun ò tíì gbàdúrà. Cornelius á lọ bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀." Á wá bá èmi náà ní gáréèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀." Lọ́jọ́ kan, ó gbé àbá wá pé kí ẹnì kan máa wẹ ọmọ láàárọ̀, kí ẹnì kejì máa wẹ̀ ẹ́ lálẹ́.

"Àṣé pípín ló kù," mo ní. "Ta ló máa mú àárọ̀?"

"Màmá, mi ò tíì ronú débẹ̀."

"Lọ ronú dé ibẹ̀ kóo tó padà wá."

Overtime tún dé.

Bísọ́lá alára jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó gbé e lé tìmùtìmù. Nọ́ọ̀sì ni ní Medical Center, ó ti gba ìsinmi láti dúró de ìrọbí. Ó ní, "Mummy, ẹnikẹ́ni ò tíì bi èmi tí mo gbé oyún o. Baby ò tíì jáde, ẹ ti ń pín in." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ti mú jù láti kékeré.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tófúnmi dé láti school, ó ju báàgì sílẹ̀ gbàà.

"Grandma, I'm Britain," ó ní. "Of all the countries!"

Ó ṣàlàyé fún mi. Kíláàsì ìtàn wọn fẹ́ ṣe àfarawé ìpàdé tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní London lọ́dún 1939, nígbà tó ránṣẹ́ pe àwọn Árábù àti àwọn Júù kí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ Palestine. Ashley ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ fún àwọn Júù, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dọ̀tun ló máa sọ̀rọ̀ fún àwọn Árábù. Tófúnmi ni mínísítà Gẹ̀ẹ́sì. "Both of them are going to hate me," ó ní, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Inú mi dùn, Ọlọ́run dárí jì mí. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí ní ìbéèrè ìtàn. Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé ní ìpàdé yẹn, àwọn Árábù ò gbà láti bá àwọn Júù jókòó sídìí tábìlì kan náà. Mínísítà á gbọ́ ti ẹnu àwọn tibí, á lọ gbọ́ ti ẹnu àwọn tọ̀hún. Ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tilẹ̀ ń gbà wọlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò lójú, Gẹ̀ẹ́sì lọ dá ìpinnu tirẹ̀ kọ, inú ẹnikẹ́ni ò sì dùn sí i.

"Different doors?" Tófúnmi tẹjú mọ́ mi. "Like you and Grandma Ìbàdàn?"

Mo ní kó dákẹ́ kó máa gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ ọ. Mo wá kọ́ ọ ní òfin kíláàsì mi, èyí tí gbogbo ọmọ tó gba abẹ́ mi kọjá ní Iléṣà mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ro ẹjọ́ tirẹ̀ kó tó ro ti ẹni kejì. Kó rò ó dáadáa, títí ẹni kejì á fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn." Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, kó tún un rò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bóyá bí àwọn alágbára ayé bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nǹkan ì bá ti yí padà, bóyá kò sì ní yí, èmi kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọmọ náà nu ojú rẹ̀ nù, ó ní òun fẹ́ gbìyànjú ẹ̀.

Ní Sátidé, ó ní òun nílò ènìyàn méjì tí òun máa fi dánra wò. Ó fi Màmá Ìbàdàn ṣe aṣojú Árábù, ó fi èmi ṣe aṣojú Júù. Ó ní kí a gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, kó lè jọ ti London.

"A ti mọ ọ̀nà," ni Màmá Ìbàdàn wí. Ó gba iwájú, mo gba gáréèjì.

Nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó, gbogbo rẹ̀ ń lọ létòlétò. Tófúnmi ti wọ kóòtù bàbá rẹ̀, ó ń pè wá ní "Your Excellency." Màmá Ìbàdàn sọ ti ogun tí wọ́n bá Tọ́kì jà nítorí Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ti òmìnira tí wọ́n fi dá wọn lọ́kàn le. Èmi náà sọ ti àwọn Júù tí wọ́n ń lé kiri ní Yúróòpù, tí kò sílẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún wọn. A ṣe é dáadáa, ẹ bi Bísọ́lá.

"Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí fún mi," ni Màmá Ìbàdàn sọ fún Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ ṣèlérí fún èmi náà," mo ní.

"Tèmi ló ṣáájú."

"Ta ló sọ fún yín? Oṣù wo ló sọ tiyín?"

"Oṣù wo ló pe ẹ̀yin lórí fóònù?"

Tófúnmi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Wait. Wait. There's no phone in this conference." Bísọ́lá ti ń rẹ́rìn-ín lórí àga, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wá pé kí a má jẹ̀ẹ́ kí òun bímọ síbẹ̀. Tófúnmi ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ kóòtù bàbá rẹ̀ sílẹ̀. "Okay. We're doing it for real. Grandma's rule. Grandma Ìbàdàn, ẹ sọ ti Grandma Iléṣà."

Mo ní mi ò ṣe irú ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe assignment ọmọdé. Ọmọ náà wò mí tààrà, ó ní, "Grandma, it's your rule." Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹnu mi ló ti jáde.

Màmá Ìbàdàn pa ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sórí tábìlì. Tófúnmi ló kọjú sí, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni Bísọ́lá jẹ́ fún ìyá rẹ̀," ó ní. "Nígbà tí wọ́n bí ìwọ, èmi ni mo rí físà, òun kò rí i. Bí mo bá ti fẹ́ wẹ̀ ọ́, màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà kí òun náà lè gbọ́ ọ. Bí o bá ti ń ké nínú omi, màá pariwo pé, 'Ìyá Bísọ́lá, ṣé ẹ ń gbọ́?' Á ní òun ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Ó rò pé mi ò mọ̀ pé ẹkún ló ń sun. Mo mọ̀. Nígbà mìíràn, omi á ti tán lára rẹ, màá ṣì máa ta omi nínú bàsíà lásán, kó má baà tètè parí fún un."



"Àwa méjèèjì la jọ wẹ̀ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi nìkan ló kàn ọ́. Ohun tó ń fẹ́ ò ju kí ọwọ́ tirẹ̀ náà kan ọmọ. Ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Tófúnmi yíjú sí mi. Mo rántí fóònù yẹn dáadáa, mo rántí bí mo ṣe máa ń fi ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará ilé má wọlé bá mi. Ṣùgbọ́n pé ó ń ta omi lásán nítorí tèmi, mi ò gbọ́ ọ rí.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn," mo wí.

Ó wá kàn mí. Ẹ wo èmi tí mo ni òfin, èmi ni mo kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Mo ní, "Ọmọ ọkùnrin rẹ̀ ló ni ilé, ó rò pé ẹ̀tọ́ òun ni."

"Rárá o," ni Màmá Ìbàdàn wí.

Mo ní, "Òun ló wẹ àkọ́kọ́, ó ti mọ́ ọn lára."

"Rárá."

Mo wò ó, mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá Cornelius ti kú láti ọdún tó kọjá. Mo wá ronú sí ilé tèmi ní Iléṣà, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sọ fún mi láràárọ̀ pé, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi," tí wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, tí wọ́n á gba abọ́.

"Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ," mo ní, "kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ fún nǹkan kan mọ́. Jókòó, sinmi, jẹun. Ni ọmọ rẹ̀ bá pè é lọ́jọ́ kan, ó ní iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé òun ló máa ṣe é. Ìdí tó fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àlejò ló kù tó jẹ́ nílé ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà rí."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, Màmá wa."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ wa wé ti ilẹ̀ ọ̀hún o. Tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a rìn di òní olónìí. Tiwa, omi ìwẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òfin yìí, èmi fúnra mi kò jókòó sídìí rẹ̀ rí.

Ẹ̀yìn èyí ni ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí, tí Cornelius wọlé láti ibi iṣẹ́, ó gbé akoto rẹ̀ há abíyá. Ó bá ìyá méjèèjì nídìí tábìlì kan ṣoṣo, a ń fi tíṣù kan ṣoṣo nu ojú. Ó fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Daddy, sit down," ni Tófúnmi wí. "You're Britain now."

Kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti aṣọ iṣẹ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá sọ pé rárá fún ọ̀kan, kò ní wá. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n gbélé, Bísọ́lá ò sì kéré lọ́jọ́ orí bíi tàtijọ́ mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ nínú ilé mi."

Ogun ló le mọ́ ọn, ó ń wá ọ̀rẹ́. Ó yẹ kí n pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bú u dáadáa, ìyá rẹ̀ sì bá mi gbè é. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó báyẹn.

Ìpàdé ti Tófúnmi ní school ò yanjú nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí ti 1939. Ṣùgbọ́n ó ro ẹjọ́ Ashley, Ashley ní ohun tí òun fẹ́ sọ nìyẹn. Ó ro ti Dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, Dọ̀tun náà gbà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ jẹun ní ilé ìtajà Galleria lẹ́yìn ẹ̀. Mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tòótọ́ ò rí irú ẹ̀ ṣe.

Bísọ́lá bí ọmọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Bólúwají. Òun náà wá sọ tirẹ̀, tí a ò bi í léèrè tẹ́lẹ̀: a ò gbọdọ̀ gbé ọmọ sínú omi títí ìwọ́ á fi já, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ju ọmọ rẹ̀ sókè. A ní a ti gbọ́, nọ́ọ̀sì.

Ìwọ́ já. Màmá Ìbàdàn ló gbé bàsíà wá, òun ló fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò. Ó tẹ́ aṣọ sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, torí òun ló máa gba ọmọ lọ́wọ́ mi tí yóò fi òrí pa á lára. Ó gbé Bólúwají fún mi. Cornelius dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọ̀ ṣìnkìn, ó ní, "Ẹ rí i? Mo ṣèlérí fún ẹ̀yin méjèèjì, mo sì mú un ṣẹ." A jọ lé e jáde, pé kó lọ gbé omi gbígbóná sí i wá.

Mo lóṣòó ti bàsíà. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo gbé orí ọmọ náà lé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wúwo díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Omi kàn án láyà, ó ya ẹnu, ó figbe ta. Tófúnmi sáré wọlé wá wò ó.

Màmá Ìbàdàn tẹ̀ síwájú, ó sún mọ́ mi débi pé èjìká wa kan ara wọn. Ó wá pariwo bíi pé òkun ṣì wà láàárín wa: "Ìyá Bísọ́lá, ṣé ẹ ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ o," mo ní, mo sì ń bu omi sí i lára.